Sísọ Táìlì Aláwòrán Lórúkọ: Ibi tí Àwòrán Wà ni Kí A Wò

1. Ìfáárà

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa èdè-ìperí, ọ̀rọ̀ inú ìwé ẹ̀kọ́, ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àti ti ilé ẹjọ́ ni ó sábà máa ń wá sí wa lọ́kàn. A kì í sábà rántí ọ̀rọ̀ tí oníbàárà àti oníṣẹ́-ọwọ́ ń bá ara wọn sọ nígbà tí owó bá fẹ́ ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹnì kejì. Ọ̀kan nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àpilẹ̀kọ yìí yóò yẹ̀ wò. Iṣẹ́ náà ni títẹ fọ́tò tí oníbàárà fúnra rẹ̀ mú wá sí ara táìlì, yálà fún ògiri yàrá ìgbàlejò, fún ilé ìdáná, tàbí fún ibojì.

Ọ̀rọ̀ náà kan òǹkọ̀wé yìí gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 2019, èmi àti àwọn àbúrò mi ra táìlì tí a tẹ fọ́tò bàbá wa sí, a sì ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ibojì rẹ̀. Nígbà tí a bi ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ léèrè bóyá òjò àti oòrùn kò ní pa á rẹ́, èsì tí ó fún wa ni pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Inú táìlì ni àwòrán yìí wà, kì í ṣe orí rẹ̀." Kí ọdún méjì tó pé, ojú bàbá wa ti ń ṣì. Nígbà tí ó fi di ọdún kẹta, fìlà rẹ̀ nìkan ni a lè tọ́ka sí. Ọmọ àbúrò mi kan tí kò bá bàbá láyé dúró níwájú rẹ̀, ó béèrè pé ta ni.

Inú bí wa, a sì pe ọkùnrin náà ní òpùrọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wádìí bí a ti ń ṣe iṣẹ́ náà, mo rí i pé kò purọ́. Àwòrán náà wà nínú nǹkan kan ní tòótọ́. Ọ̀rọ̀ tí a jọ ń lò ni kò jẹ́ kí a mọ inú ohun tí ó wà. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ibi tí àwòrán wà lára táìlì ni ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ sọ, nítorí pé ibẹ̀ náà ni a ó ti mọ ibi tí táìlì ọ̀hún lè gbé láìbàjẹ́.

2. Táìlì, àpáàdì àti fọ́tò

Fífi amọ̀ sísun ṣe ilẹ̀ ilé lọ́ṣọ̀ọ́ kì í ṣe ohun àjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú ilẹ̀ tí a fi àpáàdì tẹ́ jáde, èyí tí púpọ̀ nínú rẹ̀ wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Wọn kò tẹ́ àpáàdì náà sílẹ̀ gbalaja. Etí rẹ̀ ni wọ́n gbé sókè, tí wọ́n sì tò wọ́n tì ara wọn ní ẹsẹẹsẹ, nígbà mìíràn pẹ̀lú òkúta funfun wẹ́wẹ́, títí tí ọnà fi hàn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Lúwòó, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni, ni ó pàṣẹ pé kí a máa ṣe ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣé kí a wá pe táìlì ní àpáàdì? Èrò yìí dùn mọ́ni, ṣùgbọ́n kò lè gba ibi tí a fẹ́ kí ó gbà. Ohun tí ó ti fọ́ ni àpáàdì, nígbà tí táìlì jẹ́ ohun tí a mọ lódindi fún iṣẹ́ rẹ̀. Bákan náà, ẹni tí ó gbọ́ "àpáàdì" lórí ọ̀rọ̀ ibojì yóò rántí ọ̀run àpáàdì kí ó tó rántí ọ̀ṣọ́. Nítorí náà, a fara mọ́ ọ̀rọ̀ àyálò náà, táìlì, gẹ́gẹ́ bí a ti fara mọ́ bíríkì àti sìmẹ́ǹtì tipẹ́tipẹ́.

Ọ̀rọ̀ "àwòrán" ni ó gba ìṣọ́ra jù. Nínú èdè wa, ẹni tí ó fi ọ̀dà kun pátákó ya àwòrán, ẹni tí ó fi ẹ̀rọ ká ojú ènìyàn sílẹ̀ ya àwòrán pẹ̀lú. A dábàá pé kí "àwòrán" máa jẹ́ orúkọ àpapọ̀ fún ohun tí ojú rí lára táìlì, kí "fọ́tò" jẹ́ ti èyí tí a fi ẹ̀rọ yà, kí "ẹ̀dà" sì jẹ́ èyíkéyìí tí a mú jáde láti ara rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí yóò wúlò nígbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń béèrè iṣẹ́.

3. Ibi mẹ́ta tí àwòrán lè wà

Kí a tó pín iṣẹ́ náà sí oríṣi, ó yẹ kí a mọ bí táìlì ogiri ti rí. Amọ̀ sísun ni ara rẹ̀. Lórí amọ̀ yìí ni ohun dídán kan wà tí kì í jẹ́ kí omi wọlé. Ohun dídán náà kì í ṣe ọ̀dà. Dígí ni, tí a fi iná yọ́ mọ́ amọ̀ náà lára. Ìdí nìyí tí a fi pè é ní *ìbora dígí*.

Oríṣi kìíní ni *àwòrán àtẹ̀sórí*. Ẹ̀rọ a máa tẹ yíǹkì sórí ìbora dígí tààrà, a ó sì tan irú ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú ènìyàn kò lè rí sí i kí yíǹkì náà lè le lójú ẹsẹ̀. Òkè pátápátá ni àwòrán yìí wà. Bí a kò bá fi nǹkan mìíràn bò ó, ohun mímú lè há a kúrò.

Oríṣi kejì ni *àwòrán àfarórẹ*. Níhìn-ín, a ti kọ́kọ́ fi ike tẹ́ẹ́rẹ́ bo táìlì náà lórí ìbora dígí rẹ̀. Ike yìí, tí a pè ní *ìbora ike*, ni aró wọ inú rẹ̀, bí aró ti ń wọ inú òwú àdìrẹ. Òun ni ọkùnrin tí ó tà fún wa ń pè ní "inú táìlì". Inú ike ni, kì í ṣe inú amọ̀, kì í sì í ṣe inú dígí. Bí oòrùn bá ń pa á lójoojúmọ́, aró náà yóò ṣì gẹ́gẹ́ bí aró aṣọ tí a sá síta ti ń ṣì.

Oríṣi kẹta ni *àwòrán àfinásun*. Èròjà tí ó ń fún un láwọ̀ kì í ṣe aró. Láti ara irin, kòbọ́ọ̀tì àti àwọn mẹ́táàlì mìíràn ni ó ti wá. A ó tẹ̀ ẹ́ sórí *ìwé agbáwòrán*, a ó gbé e láti ibẹ̀ sórí táìlì, a ó sì gbé táìlì náà sínú ààrò tí ó gbóná tó nǹkan bí 800 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìbora dígí yóò rọ̀, yóò sì di àwọ̀ náà mú. Ohun tí ó ti la irú iná bẹ́ẹ̀ kọjá kì í bẹ̀rù oòrùn ọ̀sán.

Oríṣi kẹta yìí ni ó pẹ́ jù nínú ìtàn. Ní ọdún 1756, ní Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Sadler àti Guy Green búra pé àwọn tẹ àwòrán sí táìlì tí ó lé ní 1,200 láàárín wákàtí mẹ́fà, nípa gbígbé àwòrán láti orí ìwé sí ara táìlì. Fọ́tò kò tíì sí nígbà náà. Ní ọdún 1854, àwọn ará Faransé méjì, Bulot àti Cattin, gba ìwé-àṣẹ lórí ọ̀nà tí wọ́n fi ń sun fọ́tò mọ́ tánńganran, kò sì pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ sí ibojì àwọn òkú wọn.

Àwọn kan lè béèrè ìdí tí a kò fi pe oríṣi kẹta ní "àsunmọ́", tí ó kúrú jù. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀. Bí àmì bá ti kúrò, kò sí ohun tí yóò ya sísun nínú iná sọ́tọ̀ sí sísún mọ́ ènìyàn. Nínú "àfinásun", iná fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò ṣì í kà.

4. Ìdoru-láìyọ́

Báwo ni aró ṣe ń wọ inú ike láìsí omi? Olùkọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì yóò rí àpẹẹrẹ rẹ̀ nínú àpótí aṣọ ìyá àgbà. Hóró káńfọ̀ tí a fi sáàárín aṣọ òkè máa ń kéré sí i, títí tí yóò fi tán, síbẹ̀ aṣọ kò tutù. Líle ni ó ti di oru, kò yọ́ rárá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni aró yìí. A ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, a ó dojú ìwé náà kọ táìlì, a ó sì fi ẹ̀rọ gbígbóná tí ó tó nǹkan bí 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius tẹ̀ wọ́n pọ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Aró náà yóò di oru, ike yóò rọ̀, oru yóò wọ inú rẹ̀. Nígbà tí ó bá tutù, aró ti há síbẹ̀.

*Ìdoru-láìyọ́* ni a dábàá fún ìṣẹ̀lẹ̀ yìí. A fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "ì-" ṣáájú àpólà ìṣe "di oru láìyọ́". Kí olùkọ́ kíyè sí ohùn rẹ̀. "Oru" tí ó jẹ́ ti ohun gbígbóná kò ní àmì ohùn lórí fáwẹ̀lì méjèèjì, ṣùgbọ́n "òru" tí ó jẹ́ ìdàkejì ọ̀sán ní àmì ohùn ìsàlẹ̀ lórí ti àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ "láìyọ́" tí ó tẹ̀lé e yóò ran ẹni tí ó bá gbàgbé àmì lọ́wọ́.

5. Bí a ṣe ń béèrè iṣẹ́

Ohun àkọ́kọ́ ni fọ́tò. Bí ilẹ̀ àpáàdì ti jẹ́ àkójọ ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí ó di ọnà nígbà tí a bá wò ó lókèèrè, bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò inú ẹ̀rọ jẹ́ àkójọ ẹyọ àwọ̀ kéékèèké. A pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní *ẹyọ-àwòrán*. Ká sọ pé a fẹ́ kí àwòrán kan gba táìlì mẹ́rin ní ìbú àti mẹ́ta ní òró, tí táìlì kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15 níhà gbogbo. Àwòrán náà yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 sí 45. Bí a bá fẹ́ ẹyọ 150 nínú ínṣì kan, èyí tí ó tó fún ohun tí a ó máa wò láti ìwọ̀n ẹsẹ̀ mélòó kan, fọ́tò náà gbọ́dọ̀ ní nǹkan bí ẹyọ 3,540 ní ìbú àti 2,660 ní òró. Fọ́tò tí ó ní ẹyọ 1,600 péré ní ìbú yóò fún wa ní 68 nínú ínṣì kan, ojú yóò sì rí gátagàta. Fọ́tò tí a ti fi ránṣẹ́ láti orí fóònù dé orí fóònù sábà máa ń pàdánù ẹyọ lọ́nà. Nítorí náà, *ẹ̀dà ìpilẹ̀ṣẹ̀* ni kí a béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó yà á.

Ohun kejì ni àlàfo tí ó wà láàárín táìlì, èyí tí a ń fi sìmẹ́ǹtì funfun dí. Bí iye táìlì ní ìbú bá jẹ́ méjì, mẹ́rin tàbí mẹ́fà, àlàfo kan yóò bọ́ sí àárín gbùngbùn. Bí ojú ènìyàn bá wà ní àárín fọ́tò, imú rẹ̀ ni sìmẹ́ǹtì yóò là. Kí a yàn mẹ́ta tàbí márùn-ún, tàbí kí a sún ojú náà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ohun kẹta ni àwọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni ojú fóònù fi ń fi àwọ̀ hàn. Táìlì kò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Ojú ènìyàn dúdú tí ó dára lórí fóònù lè ṣókùnkùn jù lára táìlì. Kí a kọ́kọ́ béèrè *ẹ̀dà ìdánwò* lórí táìlì kan ṣoṣo, kí a sì wò ó níbi tí a ó lẹ̀ ẹ́ sí.

Ohun kẹrin, tí ó ṣe pàtàkì jù, ni kí a kọ oríṣi àwòrán àti ibi tí táìlì yóò gbé sínú ìwé ìbéèrè iṣẹ́. Àpẹẹrẹ rẹ̀ nìyí: "Mo fẹ́ táìlì mẹ́sàn-án, mẹ́ta ní ìbú, mẹ́ta ní òró, àti ẹyọ kan lé e. Àwòrán àfinásun ni. Ìta gbangba ni yóò wà, òjò àti oòrùn yóò máa kàn án. Kí a kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn táìlì kọ̀ọ̀kan."

6. Ìlò àti ìtọ́jú

Àfarórẹ dára fún ògiri inú ilé tí oòrùn kò dé. Kí a má ṣe fi tẹ́ ilẹ̀, nítorí pé bàtà àti iyanrìn yóò ha ìbora ike rẹ̀. Kí a má sì gbé e sí ẹ̀yìn ààrò ìdáná gan-an. Aṣọ rírọ̀ àti omi ọṣẹ tó láti fọ̀ ọ́. Wáyà ìfọkòkò kò gbọ́dọ̀ kàn án. Kí a to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà wọn kí oníṣẹ́ tó po sìmẹ́ǹtì. Àṣìṣe tí a rí lórí ilẹ̀ kò náni ní kọ́bọ̀.

7. Àgbálọgbábọ̀

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá nìyí ní ṣókí:

Ìbora dígí: ohun dídán tí iná yọ́ mọ́ ara amọ̀.
Ìbora ike: ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi bo táìlì kí ó lè gba aró.
Àwòrán àtẹ̀sórí: èyí tí yíǹkì rẹ̀ wà lókè ìbora.
Àwòrán àfarórẹ: èyí tí aró rẹ̀ wà nínú ìbora ike.
Àwòrán àfinásun: èyí tí a fi iná ààrò sun mọ́ ìbora dígí.
Ìwé agbáwòrán: ìwé tí a fi gbé àwòrán dé ara táìlì.
Ìdoru-láìyọ́: kí ohun líle di oru láìkọ́kọ́ di olómi.
Ẹyọ-àwòrán: ẹyọ àwọ̀ tí ó kéré jù nínú fọ́tò.

Ní ọdún 2023, a pinnu láti pààrọ̀ táìlì ibojì bàbá wa. Mo padà tọ ọkùnrin tí a bá jà lọ, mo sì ka ìtumọ̀ oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i létí ní èdè Yorùbá, láìfi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan kún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ni iṣẹ́ tòun, pé òun kò ní ààrò, kí n wá ẹni tí ó ní in. Mo wá a, mo rí i. Owó rẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ, ó sì pẹ́ kí ó tó parí. Ṣùgbọ́n ohun tí a béèrè ni a gbà.

A kò sọ pé àwọn ọ̀rọ̀ yìí ni ó dára jù. Àwọn olùkọ́ àti ògbufọ̀ tí ó bá rí èyí tí ó yè kooro ju ìwọ̀nyí lọ, kí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ lò ó níwájú ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ náà, kí wọ́n sì wò bóyá ó yé e.