Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Dá Ẹ̀yà Ṣúgà Mọ̀ Nínú Mólékù Kékeré

Mólékù kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń pè ní linamarin. Ṣúgà gúlúkóòsì ni apá kan rẹ̀. Láti ara apá kejì ni oró sáyánáìdì ti ń jáde nígbà tí a bá rin ẹ̀gẹ́, tí apá méjèèjì sì pínyà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí irú mólékù bẹ́ẹ̀ lè ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí ṣúgà inú rẹ̀ parí sí. Ojú onímọ̀ tó èyí í rí nínú mólékù kan. Bí wọ́n bá di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni.

Àkọsílẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń kà. Ní 1988, David Weininger gbé ìlànà àkọsílẹ̀ SMILES jáde, èyí tí ó ń kọ odidi mólékù sórí ìlà kan. Bí a bá fo àwọn àmì tí ń tọ́ka sí ìhà tí átọ̀mù kọjú sí, báyìí ni linamarin ṣe rí:

CC(C)(C#N)OC1OC(CO)C(O)C(O)C1O

C dúró fún kábọ́ọ̀nù, O fún ọ́síjìn, N fún náítrójìn. # Jẹ́ ìdè onílọ̀ọ́po mẹ́ta. Ibi tí 1 ti fara hàn lẹ́ẹ̀mejì ni òrùka ti ṣí tí ó sì ti pa dé. Olùkọ́ èdè yóò rí i pé gírámà ni èyí.

Oríkì ni ìṣòro tí ó kù: kí ni kọ̀ǹpútà yóò pè ní ṣúgà? Ní 2020, Jonas Schaub àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì gbé ètò kan jáde tí wọ́n pè ní Sugar Removal Utility. Lójú ètò yìí, òrùka ṣúgà ní láti ní átọ̀mù márùn-ún, mẹ́fà tàbí méje. Ọ́síjìn kan ṣoṣo ni yóò wà láàárín wọn. Ìdè ẹyọ ni yóò so wọ́n pọ̀. Àwọn ọ́síjìn tí ó rọ̀ mọ́ òrùka náà láti òde kò sì gbọdọ̀ dín ní ìdajì iye átọ̀mù rẹ̀. Òrùka linamarin jẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́fà, ọ́síjìn mẹ́rin ni ó rọ̀ mọ́ ọn, ó yege.

Erythromycin, oògùn tí ń pa kòkòrò bakitéríà, ni ó tú àṣírí òfin yìí. Ṣúgà méjì ni ó ní, òrùka ẹlẹ́ni mẹ́fà sì ni méjèèjì. Cladinose ní ọ́síjìn mẹ́ta lóde, ó sì fi díẹ̀ yege. Méjì péré ni ti desosamine, nítorí pé náítrójìn ti gba ipò ọ́síjìn kan. Ètò náà yóò gbójú fò ó. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, desosamine yìí gan-an wà lára ohun tí oògùn náà fi ń di ráíbósóòmù kòkòrò mú, níbi tí ó ti ń ṣe purotéènì! Bí a bá sọ ìdajì di ìdámẹ́ta kí ó lè wọlé, àwọn òrùka tí kì í ṣe ṣúgà rárá yóò bá a wọlé. Nítorí náà ni àwọn tí wọ́n ṣe ètò náà fi jẹ́ kí ẹni tí ń lò ó lè yí òdiwọ̀n yìí padà fúnra rẹ̀.