Ilé Ohun Ìjà Àti Gbèsè Tí Ó Wà Lórí Rẹ̀

Ilé ohun ìjà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe lò ó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kì í ṣe àká tí wọ́n ń kó ìbọn sí nìkan. Ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ogun ìpínlẹ̀, ìyẹn àwọn ará ìlú tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn tí wọ́n sì ń kọ́ ogun jíjà nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, ti ń pàdé, tí wọ́n sì ń yan lábẹ́ òrùlé. Ìjọba ni ó ń pàṣẹ fún wọn, nítorí náà ẹni tí kò bá mọ ìtàn wọn lè rò pé ìjọba ni ó kọ́ gbogbo ilé wọn.

Ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ́ Ọmọ Ogun Keje ti New York kò rí bẹ́ẹ̀. Òkè ọjà Tompkins ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, tí ọjà ń lọ lọ́wọ́ nísàlẹ̀ wọn. Nígbà tí ibẹ̀ há mọ́ wọn, ìjọba ìlú yọ̀ǹda ilẹ̀ fún wọn láàárín Park Avenue àti Lexington Avenue, ṣùgbọ́n kò fún wọn ní owó ìkọ́lé. Ọ̀gá wọn, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Emmons Clark, wá yíjú sí ìdáwó. Ọmọ ọlọ́lá ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun yìí, débi tí àwọn ará ìlú fi ń pè wọ́n ní oníbọ̀sẹ̀ ṣẹ́dà, bẹ́ẹ̀ ni ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní 1877 ti da jìnnìjìnnì bo àwọn olówó, wọ́n sì dáwó. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé náà lélẹ̀.

Ìdáwó náà kò tó. Ní oṣù kọkànlá 1879, wọ́n pàtẹ ọjà ńlá kan nínú ilé tuntun náà láti fi wá owó kún owó, Ààrẹ Rutherford Hayes fúnra rẹ̀ ni ó sì ṣí i. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ náà pẹ̀lú ní láti dá sí i lọ́dún kan náà: òfin fún wọn láyè láti yá owó tí kò ju $150,000 lọ nípa títa ìwé ẹ̀yáwó, ìyẹn ìwé tí ẹni tí ó yá ni lówó ń tọ́jú títí a ó fi san owó rẹ̀ pẹ̀lú èlé. Ìlú New York ni yóò máa pèsè $15,000 lọ́dọọdún láti fi san án. Báyìí ni gbèsè ilé tí àwọn ọlọ́lá bẹ̀rẹ̀ ṣe di ẹrù àwọn tí ń san owó orí.

Ẹni tí ó bá wo gbọ̀ngàn ìyan inú ilé náà, tí ó tó igba ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú àti ọ̀ọ́dúnrún ní gígùn, àti iyàrá tí Louis Comfort Tiffany bá wọn ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, yóò rí i pé kò sí ẹni tí ó ṣahun sí i. Kò burú kí ìjọba gba gbèsè náà rù, nítorí iṣẹ́ ìlú ni àwọn ọmọ ogun ń ṣe. Ohun tí ó burú ni pé ìrànlọ́wọ́ náà dé lẹ́yìn ìdáwó àwọn olówó, nítorí pé nígbà tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ bá kọ́ ilé fún ọmọ ogun, ó ṣòro kí òṣìṣẹ́ tí ó yanṣẹ́ lódì, tí wọ́n bá rán ọmọ ogun náà sí i, tó gbà pé ọmọ ogun ìlú ni, pé kì í ṣe ọdẹ tí olówó gbà.

Ní 1884, òfin tuntun gbé ìgbìmọ̀ kan dìde ní ìlú New York, tí yóò máa fi owó ìlú kọ́ ilé ohun ìjà fún àwọn ọ̀wọ́ ọmọ ogun yòókù.