Dàbínù Dípò Ṣúgà: Ẹ Má Jẹ̀ẹ́ Kó Tàn Yín

Àwa tí a dàgbà ní Kánò mọ dàbínù dáadáa. Lóṣù ààwẹ̀, ẹnu ọ̀nà wa ni wọ́n ti ń tà á. Òun ni a fi ń yan oats fún ará ilé.

Ẹ yọ kóró dàbínù tó kún ife kan, ẹ fi omi gbígbóná díẹ̀ rẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ gún un kúnná. Ẹ po ife oats méjì mọ́ ṣíbí bọ́tà ńlá mẹ́fà, ẹyin kan àti iyọ̀ díẹ̀. Ẹ tẹ́ ìdajì rẹ̀ sínú páànù tí ẹ ti fi bọ́tà pa, ẹ fi dàbínù lé e, kí ẹ fi ìyókù bò ó. Ẹ gbé e sínú ìkòkò oníyanrìn gbígbóná, ẹ dé e títí yóò fi pọ́n. Ó gbọ́dọ̀ tutù kí ẹ tó gé e.

Àtọ̀gbẹ ń bá bàbá wa jà. A rò pé àìfi ṣúgà sí i ti tó, à ń bù ú fún wọn ní àbùyó, àfi ìgbà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn là wá lójú. Dàbínù fúnra rẹ̀ kún fún ṣúgà. Lóòótọ́, oats ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, ṣùgbọ́n kò lè sọ ṣúgà dàbínù dòfo. Ní báyìí, ègé kékeré kan ni tiwọn. Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́.