Ọkọ̀ Oníná Lórí Ọ̀sà Èkó: Níbo Ni Iná Rẹ̀ Yóò Ti Wá?

Omi ló yí Èkó ká. Láti Èbúté Èrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó títí dé Marina, ojú omi ni èrò àti ẹrù ọjà ń gbà wọlé kí afárá tó dé. Àjẹ̀ àti ọ̀pá ni àwọn baba wa fi ń tukọ̀, kí ẹ́ńjìnnì tí ń mu bẹntiróòlù tó gba ipò wọn. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, bí epo bá ti gbówó lórí ni owó ọkọ̀ ń tẹ̀ lé e, ìyá tó ń gbé ẹrù lọ sí ọjà Ìdúmọ̀tà ló sì ń san án.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń mú ọkọ̀ oníná ńláńlá bọ̀ lábẹ́ ètò tí wọ́n pè ní Omi Èkó, pẹ̀lú ìrànwọ́ owó láti ilẹ̀ Faransé àti Yúróòpù. Ọkọ̀ kékeré tí ń kó èèyàn mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ni èmi fẹ́ gbé yẹ̀ wò ní tèmi, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Mọ́tò iná kò ṣòro láti rí rà mọ́. Ibi tí iná inú bátìrì rẹ̀ yóò ti máa wá ni ìṣòro.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò bẹ̀rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ oníwáàtì 1,000 tí a bá lò fún wákàtí kan ti jẹ iná yúníìtì kan. Agbára inú lítà bẹntiróòlù kan tó bíi yúníìtì 9, ṣùgbọ́n ooru àti èéfín ni ẹ́ńjìnnì kékeré ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dà. Bóyá ni yúníìtì 2 fi ń dé ibi tó ti ń ti ọkọ̀ síwájú. Bátìrì lítíọ́mù 12V, 200Ah, gba yúníìtì 2.4, mọ́tò iná kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ṣòfò. Nítorí náà, bátìrì kan ṣe iṣẹ́ lítà epo kan, ó sì ṣeé sáàjì lẹ́ẹ̀kan sí i ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bátìrì olómi tí a ń lò fún ínfátà nílé rọjú ju lítíọ́mù lọ, ṣùgbọ́n ó wúwo tó nǹkan bí kìlógíráàmù 60, kò sì yẹ kí a lò ju ìdajì agbára rẹ̀ lọ kí ó má baà tètè bàjẹ́. Nínú ọkọ̀ kékeré, ìwúwo bẹ́ẹ̀ ń gba àyè èrò.

Láti Marina sọdá sí Àpápá kò tó kìlómítà 3. Ọkọ̀ tó ń fi mọ́tò oníwáàtì 1,000 rìn jẹ́jẹ́ lè lo nǹkan bí ìdajì yúníìtì. Bí a bá sọ eré rẹ̀ di ìlọ́po méjì, agbára tí yóò béèrè lè súnmọ́ ìlọ́po mẹ́jọ. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ eléré tí ń lọ sí Ìkòròdú kò fi lè gbára lé bátìrì kékeré.

Ibi mẹ́ta ni iná lè ti wá. Àkọ́kọ́ ni jẹnẹrétọ̀. Epo kan náà ló ń mu, agbára sì tún ń ṣòfò nígbà tí a bá ń sáàjì. Èéfín orí omi la kàn gbé wá sí etí omi. Èkejì ni iná ìjọba. Ó rọrùn níbi tí wáyà bá dé èbúté, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú iná lọ, ọkọ̀ yóò jókòó.

Ẹ̀kẹta ni oòrùn. Sólà tó gba mítà mẹ́rin níbùú-lóròó lórí òrùlé ọkọ̀ lè mú nǹkan bí yúníìtì 3 wá ní ọjọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa, èyí tó tó ìsọdá márùn-ún. Òrùlé yẹn yóò tún ṣíji bo èrò. Ní oṣù Kẹfà àti Ìkeje tí òjò ń rọ̀, iná náà lè dín sí ìdajì.

Wọ́n ti dán an wò níbòmíràn. Ní Kerala lórílẹ̀-èdè Íńdíà, níbi tí ọ̀sà pọ̀ bíi tiwa, ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Aditya ti ń fi oòrùn gbé èrò 75 sọdá omi ní Vaikom láti oṣù Kìíní ọdún 2017. Ìrìn jẹ́jẹ́ ni, ibi tó ń lọ kò sì jìnnà.

Ní èrò tèmi, ohun tó yẹ Ìsàlẹ̀ Èkó ni sólà lórí òrùlé ọkọ̀, pẹ̀lú bátìrì àpapọ̀ ní èbúté tí sólà àti iná ìjọba jọ ń sáàjì, kí atukọ̀ lè pààrọ̀ èyí tó ti tán. Owó lítíọ́mù wúwo fún ẹnì kan, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn atukọ̀ lè dá èésú lé e lórí, kí wọ́n máa fi owó epo ojoojúmọ́ san án. Kí wọ́n gbé bátìrì sínú àpótí tí omi kò lè wọ̀, nítorí omi iyọ̀ ń jẹ wáyà. Kí èrò má sì bọ́ ẹ̀wù ìdáàbòbò ojú omi sílẹ̀ nítorí pé ọkọ̀ kò pariwo mọ́.