Bébà Tàbí Tábúlẹ́ẹ̀tì: Èwo Ni Kí Ayàwòrán Kọ́kọ́ Mú?

Àbúrò mi tí ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní Agége fẹ́ fi owó ìdánwò rẹ̀ ra tábúlẹ́ẹ̀tì ìyàwòrán ní Ọ̀tìgbà, Ìkẹjà. Mo ní kó ní sùúrù.

Èmi náà ti ra irú rẹ̀ rí. Èyí tí kò wọ́n kì í fi àwòrán hàn lójú ara rẹ̀: ọwọ́ ń fa gègé lórí tábìlì, ojú ń wo kọ̀ǹpútà. Ìlà mi kò gún rárá. Lóòótọ́, ó ń pa àṣìṣe rẹ́ wẹ́rẹ́, kì í sì í jẹ ọ̀dà. Ṣùgbọ́n kò lè kọ́ni bí a ṣe ń wo nǹkan. Pẹ́ńsùlù kì í sì í dúró de iná mànàmáná. Aina Onabolu ti ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage ní 1906, kí ó tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní London ní 1920.

Àwọn ilé-ìtẹ̀wé Ìkẹjà ń fi kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ lónìí, nítorí náà tábúlẹ́ẹ̀tì ní àkókò tirẹ̀. Kí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ fi bébà mọ ìlà, òjìji àti ìwọ̀n. Bí iṣẹ́ bá ń wọlé, kí ó rà á. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àbúrò mi ti san owó ìdánwò rẹ̀.