Alùpùpù Tó Ti Pẹ́ Nínú Ilé: Bí A Ṣe Ń Mọ Ohun Tí Ẹ́ńjìnnì Ń Wí

Ọ̀rọ̀ alùpùpù ni mo mú wá lónìí. Kì í ṣe ti tuntun tí ẹ ń rí lójú títì o. Ti àtijọ́ ni, èyí tí a ti gbé sínú ilé fún ọdún púpọ̀, tí ẹnì kan wá gbé jáde tí ó sì fẹ́ kí ó tún sọ̀rọ̀. Bí ó bá sì sọ̀rọ̀, ìró kan tí a kò mọ̀ rí a máa bá a jáde. Kí ni ìró náà ń wí? Ṣé ẹ́ńjìnnì ti kú ni, àbí nọ́ọ̀tì kékeré kan ló tú?

Èyí tí mo mọ̀ dáadáa ni BSA ti bàbá mi àgbà, irú tí wọ́n ń pè ní B31. Ní Small Heath, nínú ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti ń ṣe é, láti 1945 títí di 1959. Sílíńdà kan ṣoṣo ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní, 348 cc ni inú rẹ̀ gbà. Písítìnnì rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 71, ó sì ń rin mílímítà 88 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní 1955, tí ilé ẹ̀kọ́ ń hù káàkiri bí olú, àwọn tíṣà àgbà tí ń bẹ ilé ẹ̀kọ́ wò ní láti rìn jìnnà, ọ̀nà kò sì dára. Bàbá àgbà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. 1956 ni ó ra tirẹ̀. Lẹ́yìn tí ó papò dà ní 1991, àbúrò bàbá mi ń gùn ún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí di 2006, ó sì wá gbé e sábẹ́ òrùlé páànù lẹ́yìn ilé ìdáná, ó da tapólì bò ó. Ibẹ̀ ni ó wà fún ọdún 15.

Ní 2021 ni ẹnì kan tí ń ra irin àlòkù yà sílé wa, tí ó sì dá iye kan lé e. Àwọn ẹbí jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì dára, kí á pa á mọ́. Bí ó bá ti bàjẹ́, kí onírin máa gbé e lọ. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ wádìí, nítorí pé èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni ní sáyẹ́ǹsì, bí ẹni pé ẹni tí ó lè ya àwòrán ẹ́ńjìnnì sójú pátákó gbọ́dọ̀ lè tún un ṣe. Ọpẹ́lọpẹ́ àbúrò mi ọkùnrin, tí ọwọ́ rẹ̀ yá sí sípánà jù mí lọ.

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé kí wọ́n da epo tuntun sí i, kí wọ́n sì máa fi ẹsẹ̀ ta á lójú ẹsẹ̀. Ọ́ìlì ni ó ń dúró láàárín irin méjì tí kò jẹ́ kí wọ́n jẹ ara wọn. Bí ẹ́ńjìnnì bá dákẹ́ fún ọdún díẹ̀, ọ́ìlì tí ó lẹ̀ mọ́ ara irin a ṣàn lọ sísàlẹ̀, inú sílíńdà a gbẹ, ọ̀rinrin a sì mú un dípẹtà. Ẹni tí ó bá ta á báyìí, irin gbígbẹ ni ó fi ń ha irin gbígbẹ.

Ọ̀pọ̀ alùpùpù Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tún ní ìwà tiwọn. Ọ́ìlì wọn kì í gbé inú ẹ́ńjìnnì, inú táǹkì kékeré kan lábẹ́ ìjókòó ni ó ń gbé. Pọ́ǹpù wọn ní iṣẹ́ méjì: ó ń gbé ọ́ìlì lọ sínú ẹ́ńjìnnì, ó sì ń fà á padà sí táǹkì. Bí alùpùpù bá dúró pẹ́, ọ́ìlì a máa yọ́ gba inú pọ́ǹpù sọ̀kalẹ̀, títí táǹkì yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tí ikùn ẹ́ńjìnnì yóò sì kún. Ẹni tí kò mọ̀ á wo táǹkì, á ní ọ́ìlì ti tán, á da òmíràn sí i. Bí ó bá ti tan án, èéfín á bo gbogbo àdúgbò, àwọn aládùúgbò á sì máa bèèrè ohun tó ń jó.

Nítorí náà, a kọ́kọ́ ṣí ìdérí abẹ́ ẹ́ńjìnnì, a jẹ́ kí ọ́ìlì àtijọ́ ṣàn dànù, a fọ asẹ́ tó wà níbẹ̀. A yọ púlọ́ọ̀gì, a da ọ́ìlì ṣíbí kan sínú sílíńdà, a sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ní òwúrọ̀, a fi í sí gíà tó ga jù, a wá ń fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn jẹ́jẹ́. Ó yí. Bí kò bá yí, kí ẹ má ṣe fi agbára ta á o. Ẹ tún da ọ́ìlì sí i, kí ẹ sì ní sùúrù fún ọjọ́ mélòó kan sí i. A fọ kabúrétọ̀, nítorí epo àtijọ́ ti di bí oje igi nínú rẹ̀. Agbọ́n ti fi amọ̀ kọ́lé sẹ́nu sàlẹ́ńsà. Ti iná tí ó ń ṣẹ́ ní púlọ́ọ̀gì, ọjọ́ méjì ni àbúrò mi fi bá a jà, n kò ní fi ìyẹn dá yín dúró.

Ìta gbangba ni a ti tan án. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: a kì í tan ẹ́ńjìnnì nínú yàrá tí a tì, nítorí afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín rẹ̀ ń pani kí ènìyàn tó fura. Ó jó. Inú wa dùn fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ìró méjì: ọ̀kan ń ṣe tí-tí-tí lókè, èkejì ń ṣe gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀ nísàlẹ̀. A pa á. A ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì kan. Ó dé, ó ní kí á tan án, ó dúró, ó káwọ́ lẹ́yìn, ó gbọ́ ọ díẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ó ti nọ́ọ̀kì. A ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀." Iye tí ó dá lé e tó owó oṣù mi méjì. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣeun, ẹ jẹ́ kí n bá àwọn àgbà sọ ọ́." Ọ̀rọ̀ ìpàdé ẹbí ni mo ń rò: onírin ti fẹ́ gba alùpùpù.

Ṣùgbọ́n a kì í dá ẹ́ńjìnnì lẹ́bi láti òòró. Bí a bá jókòó sídìí agbo onídùndún, etí wa a máa ya ohùn ìyáàlù sọ́tọ̀ kúrò lára ti omele, bí gbogbo wọn tilẹ̀ ń dún pọ̀. Ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀. Irú ẹ́ńjìnnì yìí ń ṣe iṣẹ́ mẹ́rin: ó ń fa epo òun afẹ́fẹ́ sínú, ó ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀, iná ń ràn án, ó sì ń tú èéfín jáde. Kíráǹkì tí ó wà nísàlẹ̀ a yí lẹ́ẹ̀mejì kí iṣẹ́ mẹ́rin yìí tó parí, fáàfù kọ̀ọ̀kan a sì ṣí lẹ́ẹ̀kan péré. Bí kíráǹkì bá yí nígbà 1,000 ní ìṣẹ́jú kan, fáàfù kan á lù nígbà 500. Ìdí nìyí tí ìró fáàfù fi máa ń rọra ju ìyára ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, kíkà nìkan kò tó, nítorí pé iná pẹ̀lú ń ràn lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo méjì. Ibi tí ìró ti ń wá, àti ìgbà tí ó ń pọ̀ tàbí tí ó ń dín, ni ó ṣe pàtàkì jù.

Láti mọ ibẹ̀, ẹ mú sukudiráfà gígùn tàbí ọ̀pá igi gbígbẹ. Ẹ fi orí rẹ̀ kan kùkùté irin ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi ìdí rẹ̀ sún mọ́ eegun ẹ̀bá etí. Ẹ káṣọ yín mọ́ra kí ṣéènì má fà á. Ẹ óò rí i pé ìró tí ẹ rò pé ó wà níbi gbogbo, ibì kan ni ilé rẹ̀ wà.

Tí-tí-tí tó fúyẹ́ lókè, àlàfo fáàfù ni a kọ́kọ́ ń fura sí. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, a fi irin pẹlẹbẹ wọ̀n ọ́n, bí ìwé ilé iṣẹ́ ṣe wí. Ṣùgbọ́n ìró èéfín tó ń yọ́ jáde níbi tí páìpù ti wọ orí sílíńdà jọ ọ́ bí ìbejì. Ẹ gbé bébà tẹ́ẹ́rẹ́ sún mọ́ ibẹ̀. Bí ó bá ń gbọ̀n, èéfín ni. Tiwa nìyẹn. Ẹnu páìpù kò wọlé dáadáa, ẹ̀bá rẹ̀ sì ti dúdú. A gbá a wọlé, a dì í, tí-tí-tí sì lọ.

Ìró tó dún bí ìgbà tí a ń kan korobá, tí ó pọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù tí ó sì ń dín bí ó ti ń gbóná, ìyẹn ni písítìnnì tó ti dín fún sílíńdà rẹ̀. A lè fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìró wínríwínrí tí ó máa ń wá bí a bá ń gun òkè, bóyá iná ń tètè ràn jù, tàbí epo kò dára. B31 tìgbà yẹn ní ọwọ́ kékeré kan lórí ìdarí tí a fi ń dá iná dúró. Bí a bá fà á sẹ́yìn tí ìró sì lọ, a ti mọ ìdí rẹ̀ láìtú nǹkan kan.

Èyí tí gbogbo wa ń bẹ̀rù ni béárìn ìsàlẹ̀ konrọ́ọ̀dù, níbi tí konrọ́ọ̀dù ti di kíráǹkì mú. Ìró rẹ̀ wúwo, nísàlẹ̀ pátápátá, ó sì ń le sí i bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣe wàhálà. Tiwa wúwo bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé ọ̀pá kan ibi kíráǹkì, ó dún díẹ̀. Nígbà tí mo gbé e lọ sí apá òsì, sórí àpótí tí ṣéènì àkọ́kọ́ wà nínú rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi létí. Àbúrò mi fa kílọ́ọ̀ṣì. Ìró náà yí padà. Bí béárìn konrọ́ọ̀dù bá ti jẹ, kí ni ó kàn án bí ẹnikẹ́ni bá fa kílọ́ọ̀ṣì?

A ṣí àpótí ṣéènì. Kò sí ọ́ìlì nínú rẹ̀ tó láti fi kun ìka. Lórí kíráǹkì níbẹ̀, sípíríìǹgì líle kan wà tí ó ń gba ìjá ẹ́ńjìnnì kí ó tó kan ṣéènì. Nọ́ọ̀tì kan ló dè é mọ́lẹ̀. Nọ́ọ̀tì náà ti tú débi pé ọwọ́ lásán lè yí i. Nígbàkúùgbà tí iná bá ràn, kẹ̀kẹ́ eléyín tí ṣéènì ń gbà á fò, á sì gbá. A dè é, a tì í pa. Ṣéènì dẹ̀ pẹ̀lú. A fà á títí ó fi ku bí ìlàjì íńṣì tí ó lè mì sókè sódò níbi tí ó ti le jù.

Kí ọkàn mi lè balẹ̀, a yọ púlọ́ọ̀gì, a sún písítìnnì wálẹ̀ díẹ̀ kúrò lókè, a gbé igi tẹ́ẹ́rẹ́ lé orí rẹ̀. Mo mú kẹ̀kẹ́ eléyín náà, mo rọra yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn. Bí béárìn bá ti jẹ, ọwọ́ mi ì bá ti rìn díẹ̀ kí igi tó mì. Wọ́n jọ ń mì pọ̀ ni.

Ó ku ohun kan, ohun náà kò sì pariwo rárá. Ìró méjèèjì ti gba gbogbo ọkàn wa débi pé a kò ṣí táǹkì ọ́ìlì wò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ìyẹn jẹ́ ohun àkọ́kọ́. Nígbà tí a tún tan án, tí ó ń dún dáadáa, mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Kò sí ọ́ìlì tó ń padà bọ̀. Mo pariwo pé kí àbúrò mi pa á. Ọ́ìlì ń lọ sínú ẹ́ńjìnnì, kò rí ọ̀nà jáde; bí a bá gùn ún lọ báyìí, táǹkì á gbẹ, ẹ́ńjìnnì tí a ti dá láre á sì jó ara rẹ̀ run lójú ọ̀nà. Àwa ni a jẹ̀bi eléyìí, kì í ṣe mẹkáníìkì. Lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, nínú páìpù tí ọ́ìlì ń gbà padà, ọta irin kékeré kan wà tí ó ń ṣí tí ó sì ń dí. Ìdọ̀tí ti mú un lẹ̀ mọ́ ààyè rẹ̀. A fi wáyà tì í sókè jẹ́jẹ́, ó tú. A tan ẹ́ńjìnnì. Láìpẹ́, ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í tú pọ́-pọ́-pọ́ sínú táǹkì, ó ń já, ó tún ń wá, bí ó ti yẹ kí ó máa ṣe.

Bàbá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, orí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n jókòó sí láti àárọ̀, wọn kò bá wa dá sí i. Nígbà tí alùpùpù dúró sí ohùn rẹ̀ gidi, wọ́n dìde, wọ́n sì jáde wá. Wọ́n ní, "Ohùn Bàámi nìyẹn." Wọ́n ní bí àwọn bá ti gbọ́ ọ láti ibi odò nígbà tí àwọn wà nílé ẹ̀kọ́, olúkúlùkù a ti sọ gúáfà tí ó jí ká nù, a sì wá ìgbálẹ̀ kan mú.

Onírin padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Màmá wa ni wọ́n dá a lóhùn lẹ́nu ọ̀nà.