Ṣé Ẹ̀fọn Ni Àbí Kì Í Ṣe Ẹ̀fọn? Bí Ẹ Ṣe Lè Dá Kòkòrò Tó Ń Pọ̀ Lẹ́yìn Omíyalé Mọ̀

Nínú ìwé yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó máa ń da ọkàn ọ̀pọ̀ ìdílé láàmú nígbà tí omi bá ti ń fà. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn kòkòrò kan tó dà bí ẹ̀fọn á rọ́ jáde. Wọ́n á bo ògiri, wọ́n á yí gílóòbù iná ká, nígbà tí ilẹ̀ bá sì mọ́, òkú wọn á ti kún ilẹ̀. Ẹ̀rù á máa ba àwọn kan pé ibà ti dé. Àwọn mìíràn á ná owó oúnjẹ sórí oògùn ẹ̀fọn. Àwọn kan á tún rí ìdin pupa nínú kànga, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú omi.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kòkòrò yìí kì í ṣe ẹ̀fọn. Wọn kì í jẹni, wọn kì í mu ẹ̀jẹ̀, wọn kò sì lè kó ibà ran ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn gidi náà máa ń pọ̀ sí i ní àkókò kan náà. Gbogbo aláǹgbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni tó bá ka gbogbo wọn sí ẹ̀fọn yóò fi owó ṣòfò. Ẹni tó bá sì ka gbogbo wọn sí aláìléwu yóò pa nẹ́ẹ̀tì tì, ọmọ rẹ̀ ni yóò sì fara gbá a. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí ẹ lè yà wọ́n sọ́tọ̀ fúnra yín. Kò gba ẹ̀rọ kankan. Ojú yín, tọ́ọ̀ṣì àti abọ́ funfun kan ti tó.

KÍ NI KÒKÒRÒ YÌÍ?

Chironomidae ni àwọn onímọ̀ ń pe ìdílé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa kàn ń pè é ní ẹ̀fọn. Nínú ìwé yìí, a ó máa pè é ní ajọ-ẹ̀fọn, nítorí pé ó jọ ẹ̀fọn lóòótọ́.

Ìbátan ni òun àti ẹ̀fọn. Àwọn méjèèjì wà nínú ẹgbẹ́ ńlá àwọn kòkòrò tó ní ìyẹ́ méjì péré, níbi tí eṣinṣin náà wà. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà wọn ti pín: ẹ̀fọn wà nínú ìdílé Culicidae, ajọ-ẹ̀fọn sì wà nínú ìdílé Chironomidae. Ẹ̀yà ajọ-ẹ̀fọn tí àwọn onímọ̀ ti fún lórúkọ lé ní 5,000. Wọ́n wà káàkiri ayé, títí dé ilẹ̀ yìnyín Antarctica.

Inú omi ni ìyá wọn ń yé ẹyin sí, nínú ohun kan tó ń yọ̀ bí omi ilá. Nígbà tí ẹyin bá pa, ó di ìdin. Ìdin náà á wọ inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi, á sì máa jẹ ewé tó ti jẹrà àti ìdọ̀tí wẹ́wẹ́. Nígbà tó bá dàgbà, á sùn sínú èèpo bí ọmọ labalábá ṣe ń ṣe, á léfòó sójú omi, á bọ́ èèpo sílẹ̀, á sì fò lọ. Àgbà ajọ-ẹ̀fọn kì í lò ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Púpọ̀ nínú wọn kì í jẹun kankan tó jọjú. Wọ́n jáde láti gùn, láti yé ẹyin, kí wọ́n sì kú.

KÍ LÓ DÉ TÓ JẸ́ LẸ́YÌN OMÍYALÉ NI WỌ́N Ń PỌ̀?

Omíyalé máa ń gbá ewé, ìgbẹ́, ilẹ̀ dọ̀tí àti ẹrẹ̀ jọ sí ibi tí omi ti dúró. Oúnjẹ ìdin ajọ-ẹ̀fọn nìyẹn. Ẹja tí ì bá sì máa jẹ ìdin náà kì í sábà sí nínú irú adágún tuntun bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lè jáde ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Kì í ṣe iṣẹ́ aráyé, kì í sì í ṣe àmì pé àjálù mìíràn ń bọ̀. Oúnjẹ ló pọ̀ fún wọn.

ÀMÌ MẸ́RIN TÍ Ẹ LÈ FI DÁ A MỌ̀

Ẹ mú èyí tó bà lé ògiri tàbí èyí tó ti kú lábẹ́ iná, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i.

1. Ẹnu. Ẹ̀fọn ní ọ̀pá ẹnu gígùn bí abẹ́rẹ́, tó yọ síwájú orí rẹ̀. Ajọ-ẹ̀fọn kò ní in. Nínú gbogbo àmì, èyí ló dájú jù.

2. Ẹsẹ̀. Tí ajọ-ẹ̀fọn bá bà, ẹsẹ̀ iwájú ló máa ń gbé sókè. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ẹ̀fọn máa ń gbé sókè. Nígbà tí Meigen, onímọ̀ kòkòrò ará Jámánì, fún ọ̀kan nínú wọn lórúkọ ní 1803, Chironomus ló pè é, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí ẹni tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀.

3. Ìyẹ́. Ìyẹ́ ẹ̀fọn ní ìpẹ́ wẹ́wẹ́ tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìka bí ìyẹ̀fun tí ẹ bá fọwọ́ pa á. Ìyẹ́ ajọ-ẹ̀fọn kò ní ìpẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì sábà máa ń kúrú ju ara rẹ̀ lọ.

4. Ìṣesí. Ní àṣálẹ́, ajọ-ẹ̀fọn máa ń kóra jọ sójú kan lókè igbó tàbí ọgbà bí èéfín tó ń lọ sókè sódò. Iná ni wọ́n ń wá. Abo ẹ̀fọn ní tirẹ̀, èémí àti òórùn ara ènìyàn ló ń tọ̀. Tí ọgọ́rùn-ún bá ń yí iná ká tí kò sí ẹni tó ń họra, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ajọ-ẹ̀fọn.

Ẹ má fi ìwo orí tó rí bí ìyẹ́ adìyẹ ṣe àmì o. Akọ ajọ-ẹ̀fọn ní in, ṣùgbọ́n akọ ẹ̀fọn náà ní in. Tí kòkòrò kan tó kéré gan-an ju ẹ̀fọn lọ bá sì ń jẹ yín létí omi, ìdílé mìíràn nìyẹn, Ceratopogonidae. Ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí kò kàn án.

NÍNÚ OMI ŃKỌ́?

Ẹ bu omi sínú abọ́ funfun, kí ẹ jẹ́ kó tòrò.

Tanwíji, ìyẹn ọmọ ẹ̀fọn, máa ń so rọ̀ sójú omi tàbí kí ó nà gbalaja sí i, torí afẹ́fẹ́ ló ń wá síbẹ̀. Tí ẹ bá kan abọ́ náà, á jó lọ sísàlẹ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ á tún padà wá sókè. Kò ní ẹsẹ̀, àyà rẹ̀ sì fẹ̀ ju ìrù rẹ̀ lọ.

Ìdin ajọ-ẹ̀fọn rí bí okùn òwú tó nípọn. Ìsàlẹ̀ ló ń gbé, nínú ẹrẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ kúkurú méjì lábẹ́ orí àti méjì ní ìdí. Tó bá ń wẹ̀, á máa ká ara rẹ̀ bí ẹni ń kọ nọ́ńbà 8. Àwọn kan funfun tàbí kí wọ́n rí bí ewé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló pupa fòò. Ohun tó sọ ẹ̀jẹ̀ tiwa di pupa wà lára wọn pẹ̀lú. Ó ń bá wọn di afẹ́fẹ́ mú nínú ẹrẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ṣọ̀wọ́n. Kò sí ẹni tó da ẹ̀jẹ̀ sínú kànga yín. Ìdin náà kì í sì í ṣe aràn inú, kò lè gbé inú ènìyàn.

Síbẹ̀, omi tí ẹ bá ti rí i kì í ṣe omi mímu. Ó ń sọ fún yín pé kànga tàbí táǹkì náà ṣí sílẹ̀, pé ìdọ̀tí sì ti wọ̀ ọ́. Ní 2001, àwọn onímọ̀ ní Ísírẹ́lì kéde pé àwọn rí kòkòrò àrùn onígbáméjì nínú ohun yíyọ̀ tí ajọ-ẹ̀fọn ń yé ẹyin sí. Èyí kò túmọ̀ sí pé gbogbo ajọ-ẹ̀fọn ló ní àrùn lára. Ohun tó ń kọ́ wa ni pé ohun tí kì í jẹni lè wà nínú omi tó lè pani.

BÍ ÀWỌN ONÍMỌ̀ ṢE Ń MỌ Ẹ̀YÀ WỌN

Láti mọ ìdílé, ojú lásán ti tó. Láti mọ ẹ̀yà, iṣẹ́ ńlá ni. Àwọn onímọ̀ á fi ẹ̀rọ tó ń mú ohun kékeré tóbi wo ìdí akọ, iṣan inú ìyẹ́, àti eyín tó tò lábẹ́ orí ìdin. Lóde òní, wọ́n tún ń yẹ DNA wò.

Àpẹẹrẹ kan wà ní orílẹ̀-èdè wa. Ní apá àríwá Nàìjíríà, ajọ-ẹ̀fọn kan ń gbé inú kòtò omi kéékèèké orí àpáta. Hinton, onímọ̀ kòkòrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún un lórúkọ ní 1951: Polypedilum vanderplanki. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi inú kòtò náà á gbẹ, ìdin náà á sì gbẹ pẹ̀lú, tó fi jẹ́ pé omi tó kù lára rẹ̀ kò ju nǹkan bí 3 nínú 100 lọ. Tí òjò bá rọ̀ sí i, láàrin nǹkan bíi wákàtí kan á tún máa rìn. Nígbà tó yá, a rí ìdin mìíràn ní Màláwì tó ń gbẹ tó sì ń jí bákan náà. Ẹni tó bá wò ó lóréfèé á ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi ara àti DNA wọn wéra, ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni. Ní 2017, wọ́n fún un ní orúkọ tirẹ̀, Polypedilum pembai.

Tí ìjọra bá lè rú àwọn tó ní ẹ̀rọ lójú, kò sí ìtìjú fún ẹni tó bá pe ajọ-ẹ̀fọn ní ẹ̀fọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kò nílò orúkọ ẹ̀yà. Ìdílé nìkan ni ẹ nílò, ẹnu rẹ̀ á sì sọ ọ́ fún yín.

ṢÉ KÒ NÍ EWU RÁRÁ?

Ewu kan wà. Tí òkú wọn bá gbẹ, á lọ̀ di eruku, eruku náà sì lè ru ikọ́ fée sókè tàbí kí ó mú kí ojú máa yún ni. Ní Sudan, létí odò Náílì, ajọ-ẹ̀fọn kan tí wọ́n ń pè ní nimitti ti fa irú àìsàn bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée nínú ilé, kì í ṣe òun ló yẹ kó gbá wọn.

OHUN TÍ A RỌ̀ YÍN PÉ KÍ Ẹ ṢE

• Ẹ gbé iná jìnnà sí ẹnu ọ̀nà àti ibi ìdáná, kí ẹ sì pa èyí tí ẹ kò lò.
• Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó gbá òkú wọn, kí eruku má baà sọ.
• Ẹ má ná owó lórí oògùn ẹ̀fọn nítorí èyí tó ń yí iná ká. Ní ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á kú fúnra wọn.
• Ẹ má da oògùn apakòkòrò, kẹrosíìnì tàbí ọ́ìlì ọkọ̀ sínú kànga láé. Ìdin lè kú, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ ó mu ún.
• Ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ omi, kí ẹ sì sè é títí yóò fi hó yaya fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán, tàbí kí ẹ lo oògùn ìfọmi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń pín, bí wọ́n ṣe júwe rẹ̀. Ẹ bo kànga, dúrọ́ọ̀mù àti kẹ́ẹ̀gì.
• Ẹ da omi inú táyà, agolo àti ike tó wà láyìíká nù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ibẹ̀ ni tanwíji wà.
• Ẹ sùn sínú nẹ́ẹ̀tì ní gbogbo òru, bó tilẹ̀ jẹ́ ajọ-ẹ̀fọn nìkan ni ẹ rí lára ògiri. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri máa ń jẹni lóru, nígbà tí ojú yín kò tó o. Ọmọ kékeré àti aláboyún ni kó kọ́kọ́ wọlé sínú nẹ́ẹ̀tì.

Tí ara ọmọ bá gbóná, ẹ má ṣe jókòó máa jiyàn bóyá ẹ̀fọn ni àbí kì í ṣe ẹ̀fọn. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Tí ìdin inú abọ́ yín kò bá sì yé yín, ẹ bò ó, kí ẹ gbé e wá bá àwọn òṣìṣẹ́ wa ní ibùdó. A ó jọ wò ó.